Ike Àsálà àti Ìkòkò Ìlú Mẹ́ta

Awo ike kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bọ́sẹ̀dé rà á ní ọjà Ìkìrun, awo pupa tó ń dán gbinrin, ó sì gbé e wálé sí Ìnísà bí ẹni gbé ìyàwó. Ní ìgbà náà, ilé tí kò bá ní awo ike, ọ̀làjú kò tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ní kì í fọ́ bí tánganran, kì í dípẹtà bí irin. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni ohun tí ike máa ń ṣe bí ó bá rí iná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé awo náà sẹ́bàá ààrò, ó yíjú láti bu iyọ̀, kí ó tó yíjú padà, awo ti gbiná. Kò jó bí igi ṣe ń jó. Ó ń jó, ó ń yọ́, ó ń kán tó, tó, tó, gbogbo ẹ̀kán tó sì bọ́ sílẹ̀ ló ń bá iná tirẹ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó kán sórí ẹní jó ẹní. Èyí tó kán sí ìdí àpótí ìjókòó jó àpótí.

Bọ́sẹ̀dé da iyẹ̀pẹ̀ lé e, ó ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún un. Àkànjí ọkọ rẹ̀ kò ṣépè. Ó lóṣòó ti àjókù náà, ó ń fi igi tọ́ ọ, ó ń gbóòórùn rẹ̀.

Bọ́sẹ̀dé wò ó títí. "Bàbá Rẹ̀mí, ṣé ẹ ń kí i ni?"

"Mo ń bi í léèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é ni."

"Tó bá ti ń dáhùn, ẹ bá mi bèèrè ẹní mi lọ́wọ́ rẹ̀."

Káfíńtà ni Àkànjí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ káfíńtà nìkan kò tó o. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tó mọ̀. Ó ti tú aago ara ògiri palẹ̀ rí, ó ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ti tú àtùpà ọ̀gá sítéṣọ̀n Ìkìrun nígbà tí onítọ̀hún lọ jẹun. Ó máa ń tò wọ́n padà. Bí ìdè kan tàbí méjì bá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, yóò ní ènì ni àwọn òyìnbó fi sí i. Aago náà sì ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló ń lu agogo.

Ọ̀rọ̀ awo ike yìí ìbá má ju ọ̀rọ̀ awo lọ, bí kì í bá ṣe ti ilé ẹ̀kọ́. Ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ, ni àwọn ará Ìnísà bá mọ kíláàsì kan fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀, wọ́n sì fi ẹní ṣe àjà rẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹni kan tó ń sun igbó ní ẹ̀yìn ìlú jẹ́ kí iná bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ gbé ẹ̀ta iná wá, kíláàsì sì di eérú kí wọ́n tó rí omi pọn. Ojú pápá ni àwọn ọmọ wà tí wọ́n ń ṣeré, òun ni kò jẹ́ kí ìlú sunkún. Rẹ̀mí ọmọ Àkànjí wà nínú wọn. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ igi ni wọ́n ti ń kàwé. Wọ́n ti ṣèlérí páànù fún orí ilé tuntun, ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù tí kò ní àjà lábẹ́, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí. Àjà gbọ́dọ̀ wà. Kò gbọdọ̀ wúwo, kò sì gbọdọ̀ jó.

"Èmi ni n ó ṣe é," ni Àkànjí wí. Kò sí ẹni tó bi í.

Ohun tó fún un ní ìgboyà ni ohun tó ti rí lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Epo pupa tó bá dà sórí tábìlì, epo ni yóò máa jẹ́ títí ọmọ ọmọ ẹni yóò fi jogún tábìlì náà. Ṣùgbọ́n epo àsálà kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ti gún àsálà rí lórí tábìlì yìí, epo rẹ̀ ta sílẹ̀, nígbà tó yá ó di awọ tó le tó sì ń dán, tí èékánná kò lè hó. Àkísà tí wọ́n fi nu ọwọ́ gan bí awọ ewúrẹ́. Àkànjí rò ó síwá rò ó sẹ́yìn. Ó wá ní afẹ́fẹ́ ni epo àsálà ń jẹ, bó bá sì ti jẹ ẹ́ yó, a dì. Epo pupa kò mọ afẹ́fẹ́ jẹ ní tirẹ̀, nítorí náà ni kò fi lè gbẹ.

Ọ̀nà tó wá ń gbà ṣe é kò le, sùúrù ló fẹ́. Yóò yan àsálà, yóò gún un, yóò fún epo rẹ̀. Yóò gbé epo náà ka iná tí kò ga, yóò máa rò ó láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ àtàrí, títí yóò fi ki bí oyin, tí ẹ̀kán rẹ̀ láàrin ìka méjì yóò máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Iná kò gbọdọ̀ pọ̀, nítorí epo tó bá ti bínú kì í gba ẹ̀bẹ̀. Nígbà náà ni yóò yọ́ oje igi ìyá, igi igbó tí oje rẹ̀ máa ń dì bí òkúta, tí yóò dà á sí i, kí ó lè le. Lẹ́yìn náà ni egungun màlúù tó ti sun tó sì ti lọ̀ kúnná, àti álọ́ọ̀mù, èyí tí àwọn obìnrin fi ń mú kí omi odò tòrò. Álọ́ọ̀mù yìí ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó ti fi sórí páànù gbígbóná wò, ó rí i tó ń hó tó ń yọ omi, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ ló wà lójú. Ó ní omi ló gbé pamọ́ sínú de ọjọ́ iná. Yóò wá da gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ tó tẹ́ sínú àpótí pẹlẹbẹ, yóò sì tọrọ ààrò lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì jáde, kí ooru tó ṣẹ́ kù lè mú un gbẹ.

Ohun tó ń jáde láti inú àpótí yìí dúdú díẹ̀, ó pupa díẹ̀, kò lẹ́wà. Bí a bá kàn án, ó ń dún kò, kò. Bí a bá fi iná sí i, yóò dúdú, yóò wú bí àkàrà, àwọ̀ tó wú náà yóò sì dí iná lọ́nà. Bí a bá ti gbé iná kúrò, iná kú nìyẹn. Kò ní í kán. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí èyí, Àkànjí jókòó sílẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún fi iná sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ tó dùn mọ́ ọn.

Òórùn rẹ̀ ni kò ṣeé fara dà. Epo àsálà tó ń hó lójoojúmọ́ bí ẹja gbígbẹ tó bọ́ sínú iná ló ń rùn. Àwọn oníbàárà oníbúrẹ́dì ní búrẹ́dì ń rùn. Àwọn obìnrin agboolé ní aṣọ tí àwọn sá ń rùn. Bàbá Àjàní, tí í ṣe baálé agboolé, pè é jókòó.

"Àkànjí, ọmọ wa ni ọ́, a kò lè lé ọ. Ìkòkò ẹ ni a ó lé, bí ìwọ náà bá sì tẹ̀ lé e, a ó ní ó dìgbóṣe."

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

"Mo gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé sí Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan sì ń bọ̀ wá wò ó. Ó dára. Bí ó bá wò ó tó ní ó dáa, n ó fún ọ ní ẹ̀yìnkùlé, o ó pa àtíbàbà tìẹ síbẹ̀, a ó sì máa fara da òórùn náà pé òórùn ọlá ni. Bí kò bá dáa, ìkòkò kò gbọdọ̀ sùn ní agboolé yìí mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹnu kò sí. Àkànjí kò sì bẹ̀rù, nítorí ó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí àwọn ẹlòmíràn fẹ́ fi sí i.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bọ̀ kò pẹ́ kó tó tàn kálẹ̀. Nígbà tí ike àsálà jẹ́ òórùn lásán, ti Àkànjí nìkan ni. Ìgbà tó di ohun tí Ìbàdàn fẹ́ wò, ti gbogbo ayé ni. Àwọn ará Ìkìrun ní sítéṣọ̀n àwọn ni àlejò yóò ti sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ni yóò sì ti wò ó. Àwọn ará Òkukù ní igi ìyá tí Àkànjí ti ń gba oje, igbó àwọn ni ó wà. Wọ́n bá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ìgbìmọ̀ Ìlú Mẹ́ta fún Ìlọsíwájú Ike. Alàgbà Oyèdélé ará Ìkìrun, tó ń ra epo pupa lọ́wọ́ àwọn ará oko tó sì ń tà á fún àwọn ilé iṣẹ́, ni alága. Tíṣà Adéjàre ṣojú Òkukù. Bàbá Àjàní ṣojú Ìnísà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àkànjí sí ilé alága pé kó wá sọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Ó sọ ọ́, ó sì gbádùn bó ṣe ń sọ ọ́.

Alàgbà Oyèdélé fi etí sílẹ̀ dáadáa. "A kí ẹ o, Àkànjí. Orí ẹ pé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kó yé mi. Kí ni Ìkìrun ní nínú ìkòkò yìí?"

"Bàbá, Ìkìrun ló ni sítéṣọ̀n."

"Sítéṣọ̀n kò sí nínú ìkòkò."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àkànjí náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Alága ní, "Epo lo sọ pé o fi ń ṣe é. Epo sì nìyí ní ẹ̀yìnkùlé mi, àgbá lórí àgbá. Ìdajì àsálà, ìdajì epo pupa. Ìnísà ní tirẹ̀, Ìkìrun ní tirẹ̀."

"Bàbá, ẹ má bínú. Epo pupa kì í gbẹ."

"Kí ló dé tí yóò fi gbẹ? Ṣé aṣọ tí a sá ni?"

"Bí kò bá gbẹ, kò ní í le. Bí kò bá sì le, iná ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé epo pupa ni àwọn bàbá wa ń dà sí fìtílà."

"Wò ó, Àkànjí," ni alága wí pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, "epo ni ẹ̀rọ̀. Ohun tó bá gbóná, epo ni a fi ń tù ú. Iná wo ló gbóná tí epo kò lè tù?"

Kí Àkànjí tó ronú ohun tí yóò fi dá irú ọ̀rọ̀ yìí lóhùn, Tíṣà Adéjàre ti na ọwọ́ sókè. Ó ní òun kò lè padà sí Òkukù lọ sọ pé oje igi nìkan ni ìpín àwọn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Ó ní Òkukù ní èlùbọ́. Ẹni tó bá ti jẹ èlùbọ́ Òkukù rí mọ bó ṣe ń di inú mú. Bó bá lè di inú àgbẹ̀ mú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó lè di ike mú.

"Dípò egungun màlúù yẹn," ni ó wí. "Ta ló fẹ́ kí egungun wà lórí àwọn ọmọ?"

Àkànjí wo Bàbá Àjàní. Bàbá Àjàní ń wo òrùlé. Nígbà tí alága ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́, gbogbo wọn nawọ́, Bàbá Àjàní náà sì na tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé Ìnísà ahun ni? Ìṣọ̀kan ló ṣe pàtàkì. Ike yóò gbọ́n fúnra rẹ̀."

Wọ́n sè é ní ẹ̀yìnkùlé alága. Wọ́n gbàdúrà ti onígbàgbọ́, wọ́n gbàdúrà ti mùsùlùmí, wòlíì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà sì mi agogo yí ìkòkò ká. Ìlú kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ da ìpín tirẹ̀ sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún èlùbọ́. Ọ̀pọ̀ àpótí ni wọ́n dà á sí, nítorí wọ́n ti pinnu pé bí àlejò bá ti fọwọ́ sí i, àjà kíláàsì Ìnísà ni àwọn yóò kọ́kọ́ fi kàn.

Ó pupa, ó ń dán. Àkànjí alára kò lè sọ pé kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n bí ó ti fi èékánná tẹ̀ ẹ́, èékánná wọlé, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dán nígbà tó yọ ọ́. Ó fi èyí han alága.

"Rírọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn," ni alága wí. "Bó bá já lu ọmọ lórí, kò ní í dùn ún."

Àkànjí gé ẹyọ kan mú lọ sílé, ó fi iná sí i ní ẹ̀yìnkùlé. Kò ní láti dúró pẹ́ kó tó gbiná. Ó padà wọlé, ó jókòó. Bọ́sẹ̀dé ti rí èéfín.

Nígbà tó yá, Bọ́sẹ̀dé sọ fún un pé, "Tiyín wà níbẹ̀. Ẹ gbé tiyín síwájú àlejò."

"Tèmi dúdú. Tiwọn pupa. Wọn yóò mọ̀."

"Osùn kò sí nílé yìí ni? Bí wọ́n ṣe ń fi osùn kun ara ọmọ tuntun tí gbogbo ayé fi ń ní ọmọ yìí pupa, ẹ fi kun ike yín."

"Ìyá Rẹ̀mí, irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ wo? Ike náà kò ní í sọ̀rọ̀. Àbí ẹ fẹ́ ru ìkòkò jáde ní agboolé bàbá yín nítorí èlùbọ́?"

Àkànjí kò fẹ́ ru ìkòkò. Ó se tirẹ̀ bó ṣe máa ń sè é, ó po osùn mọ́ ọn, ó sì jáde bí ike ìgbìmọ̀ gẹ́lẹ́. Àfi ẹni tó bá kàn án ló lè mọ ìyàtọ̀.

Ní ọjọ́ náà, wọ́n pagọ̀ ọ̀pẹ sí pápá kan ní Ìkìrun. Wọ́n gbé tábìlì ìgbìmọ̀ síwájú, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé e, wọ́n sì fi òdòdó oníbébà yí i ká. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́rundáre sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ọ̀dọ́kùnrin kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó gbé àpò aláwọ̀ dání. Wọ́n ti retí òyìnbó, ojú wọn rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kí i dáadáa.

Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni wọ́n fi fẹ́ iná. Àkànjí fi ẹ̀mú mú ike olósùn, ó nà án sórí ọwọ́ iná. Ike náà dúdú, ó wú, ó rú èéfín díẹ̀. Ó yọ ọ́. Iná orí rẹ̀ kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó yí i sódì kí gbogbo ènìyàn rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò tilẹ̀ yí àwọ̀ padà, ó fi ọwọ́ kàn án, ó sì fi lu orí irin alágbẹ̀dẹ, ó dún kò.

Àwọn ènìyàn hó. Ọlọ́rundáre gba ẹ̀mú náà, ó yẹ ike wò fún ìgbà pípẹ́. "Irú epo wo ni ẹ fi ṣe é?"

Alága ti dìde. "Epo pupa Ìkìrun, èlùbọ́ Òkukù, àsálà Ìnísà. Ìṣọ̀kan, ọ̀gbẹ́ni."

"Epo pupa?" Ọlọ́rundáre wo ike, ó wo Àkànjí. "Ó yà mí lẹ́nu. Àsálà, mo mọ̀ pé ó ń gbẹ. A ti dán an wò níbi iṣẹ́ wa. Epo pupa, mi ò rí i kó gbẹ rí. Ẹ̀yin lẹ sè é, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Èmi ni, sà," ni Àkànjí wí, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bàbá Àjàní ti sún mọ́ ọn, ó ń sọ sí i létí pé, "Ẹ̀yìnkùlé ti di tìẹ. Bó bá wù ọ́, gbà á dé ìdí igi òroǹbó." Inú Àkànjí ìbá dùn, bí alága kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Alága ní ojú gbogbo ènìyàn ti rí i. Ó ní kò sí ìdí láti fi nǹkan falẹ̀. Ike tí ìgbìmọ̀ ti sè ti kún inú ṣọ́ọ̀bù òun, kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, wọn yóò ti kàn án mọ́ àjà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìnísà. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa sè é. Àkànjí ti gbìyànjú, kó lọ sinmi. Lẹ́yìn Ìnísà, wọn yóò ṣe ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́, àgbá epo wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ.

Àkànjí ń gbọ́ ọ, ó sì ń rí ẹ̀kán iná tó ń bọ́ láti òkè, tó, tó, tó, àwọn ọmọ lórí àga kéékèèké nísàlẹ̀, Rẹ̀mí láàrin wọn. Ó wo ojú Bọ́sẹ̀dé láàrin èrò. Bọ́sẹ̀dé náà ti gbọ́. Kò ṣẹ́jú sí i láti ní kó dákẹ́. Ó kàn gbé orí sókè díẹ̀.

Àkànjí bẹ alága pé kó dákẹ́ díẹ̀. Ó lọ sí ibi àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó yọ ike ìgbìmọ̀ tí àkísà wé, èyí tí wọ́n fún un láti dán wò.

"Èyí ni tiwọn," ni ó sọ fún Ọlọ́rundáre. "Èyí tí ẹ wò lẹ́ẹ̀kan, tèmi ni. Kò sí epo pupa nínú rẹ̀. Osùn ni mo fi kùn ún."

Kí alága tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ike ti kan iná. Ó gba iná bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ iná pupa ga ju orí Àkànjí lọ, epo ń sun jáde ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èlùbọ́ ń ta pàrà pàrà. Ó fẹ́ sọ ọ́ sílẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n ike ti rọ̀, ó já láàrin méjì kúrò ní ẹnu ẹ̀mú, afẹ́fẹ́ sì gbé ìdajì rẹ̀ lọ sórí tábìlì ìgbìmọ̀. Aṣọ funfun gbiná, òdòdó oníbébà gbiná. Ìgbìmọ̀ Ìlú Mẹ́ta fún Ìlọsíwájú Ike dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ìpinnu àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe láìnawọ́.

Alágbẹ̀dẹ ló da iyẹ̀pẹ̀ pa á. Ara ẹnikẹ́ni kò bó. Fìlà alága nìkan ló jó díẹ̀ ní etí, níbi tó ti bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí èéfín kúrò, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Alága ní èlùbọ́ ló ba nǹkan jẹ́. Tíṣà Adéjàre ní òun kò mọ ibi tí wọ́n ti ń fi èlùbọ́ tan fìtílà. Àwọn méjèèjì wá rántí Àkànjí.

"Ẹ̀tàn lo fi bá ìjọba lò," ni alága wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ọlọ́rundáre mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ ti yege tán. Kí ló mú yín tún ṣe èyí?"

"Ọmọ mi wà ní kíláàsì náà, sà."

Ọlọ́rundáre mi orí. Ó fi ike olósùn sínú àpò rẹ̀, ó sì sọ òótọ́ fún un láìfi ohun kan bò. Iṣẹ́ náà dára, ó dára ju bí òun ti rò lọ. Ṣùgbọ́n òun kò lè lọ sọ ní Ìbàdàn pé òun fọwọ́ sí ohun tí wọ́n pààrọ̀ níwájú òun. Òun yóò mú un lọ fún àwọn tó ń dán nǹkan wò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìgbìmọ̀, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá kan ọ̀kan ṣoṣo nínú ike tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ òkè orí ọmọ, òun yóò gbé ọlọ́pàá wá. Ó bá ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ lọ.

Agbára káká ni Bàbá Àjàní fi wo ojú Àkànjí ní agboolé. "Ọ̀kan yege, ọ̀kan kò yege," ni ó wí. "Kí ni kí n ti wí sí i?"

"Èyí tí kò yege, bàbá, ẹ̀yin lẹ nawọ́ fún un."

Bí ó ti sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé òun ti sọ àsọjù. Ẹni tó bá rán àgbà létí ọwọ́ tó nà, kò ní í rí ẹ̀yìnkùlé gbà. Baálé ní àlejò kò fọwọ́ sí i, àdéhùn sì ni àdéhùn. Àkànjí ru ìkòkò rẹ̀ jáde. Bọ́sẹ̀dé kó igi ìrokà àti odó tẹ̀ lé e, ó ń sọ fún àwọn obìnrin agboolé pé kí wọ́n lọ máa sá aṣọ wọn, òórùn ọlá ti ń lọ. Ilẹ̀ kan tó jẹ́ ti àwọn ará ilé Bọ́sẹ̀dé, ní etí ọ̀nà Òkukù, ni wọ́n pa àtíbàbà sí.

Kíláàsì gba páànù, kò gba àjà. Bí òjò bá ń rọ̀, tíṣà á máa pariwo, àwọn ọmọ á máa wò ó lẹ́nu. Àkànjí ń ṣe àjà náà ní díẹ̀díẹ̀, nítorí àsálà ní ìgbà tirẹ̀, àwọn télọ̀ Ìkìrun sì ti ń fẹ́ kó bá wọn fi ṣe èèkù áyọ́ọ̀nù eléèédú tí kò ní í jó. Igun kan ti ní àjà nínú kíláàsì. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ máa ń sún jọ sí bí òjò bá dé. Ní ti ike inú ṣọ́ọ̀bù alága, eku ti jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní èlùbọ́ àti epo kò tíì bá ara wọn mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbìmọ̀ kò tú ká. Wọ́n jókòó láti wádìí ohun tó fa ìjàǹbá náà, wọ́n sì jókòó lórí rẹ̀ títí òjò fi dé. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti rí i. Wọn kò fi ìlú Ìbà sí i. Ìlú mẹ́ta péré ló dá nǹkan sí ìkòkò, Ìbà ò sì jìnnà. Ta ló mọ ohun tí Ìbà ìbá mú wá?

Ìdí nìyí tí ọkùnrin kan láti Ìbà, Jọláyẹmí lórúkọ, fi dé àtíbàbà Àkànjí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó kí wọn, ó jókòó, ó fi ọwọ́ bo imú díẹ̀.

"Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí Ìbà náà dá tirẹ̀," ni ó wí. "Àwọn àgbà wa ní kí n wá bi yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ló kù tí ìkòkò náà nílò."

Àkànjí kò gbé ojú kúrò lórí epo rẹ̀, nítorí ó ti ń sún mọ́ ibi tí yóò ti ki. Ó rò ó dáadáa kó tó dáhùn.

"Àga," ni ó wí. "Kí Ìbà dá àga. Kí ó tó fún gbogbo ìgbìmọ̀."

Jọláyẹmí mi orí gan-an. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó rò pé ìpín tó ní ọlá ni. "Àga wo? Alápá ni àbí aláìlápá?"

"Alápá," ni Àkànjí wí, "kí wọ́n má baà tètè dìde."